Fọ́tò Wíwò, Fọ́tò Títọ́jú: Bí Fọ́tò àti Fídíò Òde Ṣe Lè Dé Ọ̀dọ̀ Gbogbo Ẹbí Láìfọ́

Nígbà tí a fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà ìrántí ọdún kan tí ìyá wa àgbà papòdà, mo ti mọ fọ́tò tí a máa lò. Màmá jókòó níwájú ilé lórí àga onírọ́bà aláwọ̀ búlúù, gèlè wọn ti fì sápá ọ̀tún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ẹnì kan tí kò sí nínú fọ́tò. Àbúrò mi ló yà á, ọjọ́ tó yà á náà ló sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa lórí WhatsApp. Mo gbé e lọ fún atẹ̀wé. Ó ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ó fà á títí ó fi gba gbogbo ojú ìwé, ojú Màmá bá di wọ́nranwọ̀nran bíi pé páálí kéékèèké ni wọ́n tò pọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, fọ́tò yìí ti fọ́ o. Ẹ lọ gba ojúlówó ẹ̀ wá."

Ojúlówó wo? Fóònù tí àbúrò mi fi yà á ti sọnù sínú dáńfó láti bí oṣù mẹ́jọ. Ẹ̀dà tí WhatsApp ti fún pọ̀ yẹn nìkan ló kù láyé. A padà lò ó ní kékeré, bíi ti orí páálí ìṣáná, òdòdó ni atẹ̀wé fi kún àyè tó kù.

Látìgbà náà ni mo ti sọ ara mi di akápò fọ́tò ẹbí wa, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dìbò fún mi. Òde tí a bá ṣe, ìsìnkú ni o, ìkómọ ni o, ìgbéyàwó ni o, ọ̀dọ̀ mi ni fọ́tò ń kó sí, ọ̀dọ̀ mi ló sì ti ń gbéra lọ bá àwọn tó wà ní London, Houston àti Ìbàdàn. Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: fọ́tò tí èèyàn kàn fẹ́ wò lónìí àti fọ́tò tí a máa fẹ́ lò lọ́dún mẹ́wàá sí i, ọ̀nà kan náà kọ́ ni wọ́n ń gbà. WhatsApp dára fún ti àkọ́kọ́. Ẹni tó bá gbé ìkejì gba ibẹ̀ láìmọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ohun tó ṣe wá ló máa ṣe òun náà.

Kí òde tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ yan ẹnì kan tí gbogbo èèyàn máa kó fọ́tò fún. Kì í ṣe ayafọ́tò tí ẹ háyà. Ìyẹn ní iṣẹ́ tirẹ̀, àlúbọ́ọ̀mù rẹ̀ sì lè pẹ́ kó tó dé. Ọmọ ilé ni mò ń sọ, ẹni tó mọ orúkọ àwọn àgbà, tó sì mọ àwọn tó ń bára wọn yodì, torí ìyẹn máa wúlò tó bá yá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo aago. Ó dà bí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n aago inú fóònù àti kámẹ́rà ni kọ̀ǹpútà fi ń to fọ́tò tẹ̀ léra. Níbi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, kámẹ́rà tí ẹnì kan gbé wá fi wákàtí méje rìn lẹ́yìn. Nígbà tí a da gbogbo fọ́tò pọ̀, ìyàwó ti gé kéèkì tán kí wọ́n tó ka lẹ́tà ìtọrọ-ìyàwó. Odidi ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi tún un tò. Fóònù tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sábà máa ń tún aago ara rẹ̀ ṣe. Kámẹ́rà àti fóònù tí kò ní síìmù nínú ni kí ẹ fojú sí.

Ẹ nu ojú kámẹ́rà. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ jẹ ẹran díndín tán tó wá di fóònù mú, ó ti fi ọ̀rá pa ojú kámẹ́rà rẹ̀, gbogbo fọ́tò tó bá yà lẹ́yìn ìyẹn á dà bíi pé ọyẹ́ bò ó. Aṣọ òwú tó rọ̀ ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ má fi léèsì nù ún, ó lè ha gíláàsì.

Tó bá kan fídíò, ẹ lọ sínú ètò kámẹ́rà kí ẹ fi sí 1080p (bí àwòrán ṣe mọ́ tó nìyẹn), férémù 30 (iye àwòrán tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan). Lórí iPhone tí ẹ kò tíì yí ètò Formats rẹ̀ padà, ìṣẹ́jú kan irú fídíò bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 60 MB. Tí ẹ bá gbé e sí 4K, èyí tó mọ́ jù ú lọ, ní férémù 30, ó di nǹkan bíi 170 MB. 4K ní férémù 60 tó nǹkan bíi 400 MB. Ẹ fi ìyẹn ṣírò ijó ìyá ìyàwó tó gba ìṣẹ́jú márùn-ún: 300 MB ni ti àkọ́kọ́, GB méjì ni ti ìkẹta. Ijó kan náà ni o. Lójú ẹni tó ń fi fóònù wò ó, bákan náà ni wọ́n rí. Dátà ẹni tó fẹ́ fi ránṣẹ́ ló máa mọ̀yàtọ̀.

Àwọn tó ń lo iPhone, ọ̀rọ̀ kan wà fún yín. Láti iOS 11, lọ́dún 2017, ni fóònù yín ti ń fi fọ́tò pamọ́ bí irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní HEIC dípò JPEG tí gbogbo ayé mọ̀. Fóònù yín máa ṣí i, ti Android tuntun náà máa ṣí i, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ atẹ̀wé àdúgbò á kàn wò yín ni. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Camera, ẹ wọ Formats, kí ẹ yan "Most Compatible". Ẹ ṣe é kí òde tó bẹ̀rẹ̀, torí kì í mú ti àtẹ̀yìnwá.

Ẹ wo àyè tó kù lórí fóònù. Ẹ gba iná sí i. Ó parí.

Ẹ kọ́kọ́ ṣà á

Alẹ́ ọjọ́ ìsìnkú kan nínú ẹbí wa, fọ́tò tó wọlé sọ́dọ̀ mi lé ní 400. Ẹni tó bá da irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sí gúrúùpù ẹbí, kò fi ránṣẹ́, ó dà á nù ni. Kò sẹ́ni tó máa wò ó kọjá ogún àkọ́kọ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń gba orí fọ́tò kọjá. Lákọ̀ọ́kọ́, mo máa ń sáré wò ó, tí mo bá ti rí èyí tó ṣú, èyí tó mì, èyí tí èèyàn dijú nínú rẹ̀, mo fò ó. Lẹ́ẹ̀kejì, mo máa ń wá àwọn tó jọra: tí ẹnì kan bá ya ìlà àwọn olórí ẹbí nígbà mẹ́sàn-án, ẹyọ kan péré ni mo máa mú, èyí tí ojú àgbà tó dàgbà jù ti dára jù lọ ni. Ẹ má wo ojú tiyín.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ló gba ọgbọ́n. Mo máa ń wò ó bóyá gbogbo ojúlé ló yọjú. Ní ilé olórogún, tí fọ́tò àwọn ọmọ ìyá kan bá jẹ́ ogún, tí ti ìyá kejì jẹ́ méjì, ẹ ti dá ìpàdé ẹbí míì sílẹ̀ nìyẹn, tí wọn ò sì ní pè yín sí i. Tí mo bá rí i pé ẹ̀ka kan kò pọ̀ níbẹ̀, mo máa ń padà sínú èyí tí mo fò, kí n yọ méjì mẹ́ta tí kò burú jù.

Àwọn tó wà ní 400 di 60. Àwọn tó kù, mi ò pa wọ́n rẹ́ o. Mo kàn gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni.

Èyí tó wà fún wíwò

WhatsApp ni ibi tí gbogbo ẹbí wà, ibẹ̀ náà la máa lọ. Fọ́tò tí kámẹ́rà fóònù yà sábà máa ń gùn tó píksẹ́lì 4,000, ìyẹn àwọn ẹ̀ka àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò. Tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lásán lórí WhatsApp, ó máa ń fún un pọ̀ títí á fi di nǹkan bíi 1,600. Ìdí nìyẹn tó fi ń yára lọ, tí kì í sì jẹ dátà. Fún ẹni tó kàn fẹ́ mọ irú aṣọ ẹbí tí wọ́n wọ̀, ìyẹn ti tó.

Láti ọdún 2023 ni WhatsApp ti fi HD kún un. Tí ẹ bá ti mú fọ́tò, kí ẹ tó tẹ àmì ìfiránṣẹ́, ẹ máa rí HD lókè. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan HD quality. Tí ẹ kò bá fẹ́ máa tẹ̀ ẹ́ nígbà gbogbo, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Storage and data, ẹ wá Media upload quality, kí ẹ fi sí HD níbẹ̀. HD náà ṣì ń fún un pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú èèyàn á mọ́ dáadáa, kódà tí ẹ bá fà á.

Ẹ má fi ju mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sì ya gúrúùpù fọ́tò sọ́tọ̀ kúrò lára gúrúùpù tí ẹ ti ń jíròrò owó àti ètò. Nígbà òkú Màmá, fọ́tò ìrẹsì àti mínírà ló bo nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n ní kí àwọn ọmọ sanwó sí, ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn kan fi ń bèèrè rẹ̀, ó kéré tán ohun tí wọ́n sọ nìyẹn.

Ẹ ro tàwọn àgbà. Àǹtí mi àgbà pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì: "Ọmọ mi, fóònù mi ní òun ti yó, òun ò lè gba nǹkan mọ́." WhatsApp wọn ló ń gba gbogbo fọ́tò àti fídíò sílẹ̀ fúnra rẹ̀, láti gúrúùpù ṣọ́ọ̀ṣì, ti ọmọ ilé, ti àwọn tó ń fi àdúrà ránṣẹ́ láàárọ̀. Mo bá wọn wọ Settings, Storage and data, mo wá Media auto-download, mo sì pa ti fídíò níbẹ̀. Láti ìgbà yẹn, fídíò tí wọ́n bá tẹ̀ nìkan ló ń wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó tẹ èyí tí wọ́n bá fẹ́. WhatsApp kì í tọ́jú ẹrù sọ́dọ̀ ara rẹ̀ títí ayé. Ẹni tó bá padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ohun tó máa bá níbẹ̀ ni pé kó ní kí ẹni tó fi ránṣẹ́ tún un fi ránṣẹ́.

Ẹ kọ orúkọ sí i. Èyí ni iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn máa ń fò, òun sì ni mo kà sí jù lọ. Ẹ kọ ọ́ láti ọwọ́ òsì wá sí ọ̀tún, ní orúkọ tí ẹbí mọ̀ wọ́n sí àti orúkọ tó wà nínú ìwé: "Láti ọwọ́ òsì: Ìyá Ìbejì (Ṣadé), Bùrọ̀dá Túndé, Màmá, ọmọ tó jókòó nílẹ̀ ni Kẹ́hìndé." Gbogbo wa la mọ wọ́n lónìí. Ọmọ tí wọ́n bá bí ní Houston lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní mọ ẹyọ kan nínú wọn.

Ohun méjì tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe: ẹ má ya ojú fóònù láti fi gba fọ́tò tó wà lórí rẹ̀, ẹ má sì gba fọ́tò láti orí Status ẹlòmíì kí ẹ wá pín in. Ìfúnpọ̀ lórí ìfúnpọ̀ ni, ọwọ́ kẹta tó bá dé báyìí ti dà bí aṣọ àdìrẹ tí wọ́n fi omi gbígbóná fọ̀ léraléra.

Èyí tó wà fún títọ́jú

Atẹ̀wé tó fi ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà dá mi lóhùn ló kọ́ mi ní ìṣírò yìí. Kí fọ́tò tó lè mọ́ kedere lórí bébà, wọ́n máa ń fẹ́ kí píksẹ́lì tó 300 nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá pín 1,600 ti WhatsApp yẹn sí 300: íǹṣì márùn-ún lé díẹ̀ ni. Fọ́tò alálúbọ́ọ̀mù kékeré nìyẹn, kò kọjá ibẹ̀. Bébà A4 ń fẹ́ nǹkan bíi píksẹ́lì 3,500 ní gígùn, A3 tí wọ́n fi ń ṣe kàlẹ́ńdà ń fẹ́ bíi 5,000. Fọ́tò fóònù tí wọn kò fún pọ̀, tó ní 4,000, máa bo A4 dáadáa, kò sì ní dójú tì yín lórí A3. Ti bánà ẹnu ọ̀nà rọrùn díẹ̀ torí òkèèrè ni wọ́n ti ń wò ó, ìyẹn ni ẹ ṣe máa ń rí i tí bánà dára tí kàlẹ́ńdà kò dára, láti ara fọ́tò kan náà.

Nítorí náà, àwọn 60 tí ẹ ṣà yẹn, ojúlówó wọn gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ akápò. Tí ẹ bá ṣì wà lójú kan, ní ọ̀sán òde tàbí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì kí àwọn ará òkè òkun tó lọ sí pápákọ̀, kò sí ohun tó dára tó Xender, tàbí Quick Share láàárín Android sí Android, tàbí AirDrop láàárín iPhone sí iPhone. Wọn kì í jẹ dátà, wọn kì í sì í fún fọ́tò pọ̀. Mo máa ń jókòó sórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ àárọ̀, ẹni tó bá wá gba ọ̀gì àti àkàrà á kọ́kọ́ fún mi ní fọ́tò. Ó ń ṣiṣẹ́ ju kí èèyàn máa bẹ̀ wọ́n lórí fóònù lọ.

Tí ẹni náà bá ti lọ, kó fi ránṣẹ́ bíi document. Lórí WhatsApp, dípò kó tẹ àmì fọ́tò, kó tẹ Document, kó wá fọ́tò náà níbẹ̀. Bó ṣe wà ló máa ń dé, píksẹ́lì kan kò ní dín níbẹ̀, fáìlì kan sì lè tó GB méjì. Ìyọnu tó wà níbẹ̀ ni pé fọ́tò tó bá wá báyìí kì í ṣí fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀, ó yẹ kí èèyàn tẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà á ní ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sáwọn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń lò ó fún gúrúùpù, àárín èmi àti ẹni tó ya fọ́tò ni mo fi mọ.

Lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ bá ti pé, mo máa ń dá àlúbọ́ọ̀mù sílẹ̀ lórí Google Photos, mo sì ń fi lìǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹbí. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ ojúlówó á lọ gbà á fúnra rẹ̀, ẹni tí kò fẹ́ kò ní ẹrù kankan lórí fóònù rẹ̀. Nínú ètò rẹ̀, ẹ wá ibi tó kọ Backup quality sí, kí ẹ fi sí Original quality. Ẹ rántí pé 15 GB ni Google ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, Gmail àti Drive sì ń jẹ nínú rẹ̀. Látìgbà tí oṣù Okúdù 2021 ti wọlé, kò sí fọ́tò tó ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ láìjẹ àyè mọ́. Mo dá Gmail ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún fọ́tò ẹbí nìkan, torí tèmi ti kún fún ìwé báńkì. Ẹni tó bá ní lìǹkì náà lọ́wọ́ lè rí ohun tó wà níbẹ̀, ọmọ ẹbí ni o, kì í ṣe ọmọ ẹbí ni o. Nítorí náà, ẹ má ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ Facebook.

Fídíò gígùn

Ìwọ̀nba fídíò tó yẹ kó wà lórí WhatsApp kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ gé e. Ọ̀pọ̀ fóònù ló ní ibi tí wọ́n ti ń gé orí àti ìdí fídíò, nínú Gallery fúnra rẹ̀, kò ní kí ẹ lọ ra nǹkan kan. Èyí tó gùn ìṣẹ́jú mẹ́jọ, méje nínú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀yìn orí àwọn èèyàn. Ẹ mú ibi tí Màmá ti ń súre, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Fún ìsìn odidi wákàtí méjì tàbí ìdána láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, YouTube ni mo máa ń gbé e sí. Kì í ṣe kí gbogbo ayé rí i o. Nígbà tí ẹ bá ń gbé e sókè, ó máa bi yín léèrè ẹni tó lè wò ó: ẹ yan Unlisted. Kò ní hàn fún ẹni tó ń wá kiri, ẹni tó bá ní lìǹkì nìkan ló lè wò ó. Àkáǹtì tuntun kì í gba fídíò tó ju ìṣẹ́jú 15 lọ, àfi tí ẹ bá fi nọ́ńbà fóònù jẹ́rìí sí i. Ẹ ṣe ìyẹn kí ó tó di ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò ó.

Orin ni wàhálà ibẹ̀. YouTube ní ẹ̀rọ tó ń dá orin mọ̀, orin olórin tí DJ bá sì fi síbẹ̀, ó lè jẹ́ kí wọ́n pa ohùn apá ibẹ̀, tàbí kí wọ́n dí fídíò náà láwọn orílẹ̀-èdè kan. Ẹ máa wò ó tí ìyàwó ń jó wọlé nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ bí ẹni tó ń jó nínú àlá. Ibi tí onílù fúnra rẹ̀ ti ń lù kì í sábà ní ìyọnu. Tí fídíò bá kún fún orin DJ, Google Drive ni kí ẹ gbé e sí kí ẹ fi lìǹkì rẹ̀ ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa pa ohùn rẹ̀ níbẹ̀.

Òru ni kí ẹ gbé e sókè. Dátà òru tí àwọn iléeṣẹ́ fóònù ń tà dínwó, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì máa ń ṣí díẹ̀. Ẹ ki fóònù bọ iná, tí iná bá wà.

Èyí tí kò gbọ́dọ̀ jáde

Mo mọ ọmọkùnrin kan ní òkè òkun tó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́. Ó ní kí òun sinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ṣí Status, ó rí fọ́tò bàbá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú òwú nímú. Ọmọ ìbátan kan ló gbé e síbẹ̀, ó kọ "Sùn un re o" sábẹ́ rẹ̀. Kò tíì sí ẹnikẹ́ni tó pè é. Àwọn àgbà tó mọ bí wọ́n ṣe ń túfọ̀ ṣì jókòó ní pálọ̀, wọ́n ń gbèrò ẹni tí yóò pe àkọ́bí.

Fọ́tò òkú kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí fóònù ẹni tó yà á títí àwọn àgbà yóò fi sọ pé ó yá. Lẹ́yìn ìyẹn náà, fún ọmọ tí kò rí ọ̀nà wálé tó sì béèrè fún un, ẹ fi ránṣẹ́ sí òun nìkan, kó má jẹ́ gúrúùpù. Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ ṣíwájú rẹ̀, kó lè yan ìgbà tó máa ṣí i.

Tí ẹ bá rí i pé ẹ ti ṣèèṣì fi nǹkan ránṣẹ́, WhatsApp fún yín ní nǹkan bí ọjọ́ méjì àtààbọ̀ láti tẹ Delete for everyone. Ẹ yára. Ẹni tó bá ti tọ́jú rẹ̀ sí ibòmíì ti tọ́jú rẹ̀.

Àwọn ọmọdé: ẹ bi òbí wọn. Èyí tí wọ́n bá ti wọ aṣọ iléèwé, tí orúkọ iléèwé náà sì hàn láyà wọn, kí ẹ má gbé e síta rárá. Àwọn ẹbí wa ní ìlú òyìnbó máa ń le lórí èyí, wọ́n sì tọ̀nà, bí a tiẹ̀ ń sọ pé òyìnbó ti kó sí wọn lórí.

Owó níná lé èèyàn lórí níbi ijó. Ẹ̀ka 21 nínú òfin báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 sọ pé náírà tí wọ́n ná tàbí tí wọ́n jó lé lórí níbi ayẹyẹ jẹ́ ẹ̀sùn. Ìjìyà rẹ̀ kò dín ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ọ̀pọ̀ wa ló ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Igbe 2024, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó rán gbajúmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí rẹ̀, fídíò àwọn òde tó lọ sì wà lára ẹ̀rí. Nítorí náà, ibi tí ẹ̀gbọ́n yín ti ń lẹ owó mọ́ onílù níwájú orí, ẹ gé e kúrò nínú ohun tí ẹ ń gbé jáde. Fídíò tí ẹ fi ṣe ẹ̀yẹ fún un lè di èyí tí wọ́n máa gbé kalẹ̀ níwájú adájọ́.

Ó ku èyí tí ojú kì í rí. Tí ètò ìdámọ̀ ibi tí fóònù wà bá wà ní títàn, kámẹ́rà máa ń kọ ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò sínú fáìlì, ó sì lè tọ́ka sí ilé náà gan-an. Fọ́tò tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lásán lórí WhatsApp, WhatsApp máa ń yọ ọ́ kúrò. Èyí tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi document, inú rẹ̀ ló wà. Nínú ẹbí, kò séwu. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ya mọ́tò tuntun nínú ọgbà ilé rẹ̀, tó fi ojúlówó rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ rà á, ti fi àdírẹ́sì ilé rẹ̀ ṣe ẹ̀bùn. Ẹ pa á nínú ètò kámẹ́rà, ibi tó kọ Location tàbí Location tags sí. Lórí iPhone, tí ẹ bá fẹ́ pín fọ́tò, ẹ tẹ Options lókè, kí ẹ pa Location fún ìgbà yẹn nìkan.

Fọ́tò ayé àtijọ́

Gbàrà tí ẹ bá ti di akápò, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fọ́tò dúdú àti funfun wá bá yín láti inú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tí ó bá wà nínú férémù onígíláàsì, ẹ yọ ọ́ tí ó bá ṣeé yọ. Tí ó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ má fipá fà á, ojú baba ńlá yín ló máa kù sára gíláàsì. Ẹ gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà tí oòrùn kò ti tàn sí i gan-an. Ẹ pa iná kámẹ́rà. Ẹ dúró gbọnrangandan lókè rẹ̀ kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè dọ́gba. PhotoScan ti Google, ọ̀fẹ́ ni, máa ń ní kí ẹ yà á láti ibi mélòó kan kó lè yọ dídán kúrò.

Ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Ẹ̀yìn ni òǹtẹ̀ ilé fọ́tò wà, ibẹ̀ náà ni ẹnì kan ti kọ "Ileya 1968" sí pẹ̀lú bírò.

Ibi tí gbogbo ẹ̀ ń sùn

Mẹ́ta ni ẹ̀dà: ọ̀kan lórí Google, ọ̀kan nínú háádì dískì tàbí fúláàṣì lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan lọ́dọ̀ àbúrò mi ní ìlú míì. DVD tí àwọn ayafọ́tò kan ṣì ń fún èèyàn kò sí nínú ìṣírò mi, torí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun kò níhò rẹ̀ mọ́. Orúkọ tí mo ń fún fáìlì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọdún, bíi 2024-08-17-isinku-001, kí wọ́n lè to ara wọn tẹ̀ léra. Mi ò kì í fi àmì ohùn sórúkọ fáìlì, torí àwọn kọ̀ǹpútà míì máa ń sọ ọ́ di wọ́nbíliwọ̀nbìlì. Àkáǹtì Google tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn fún ọdún méjì, Google lè pa á rẹ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ọjọ́ ọdún tuntun, mo máa ń wọ inú Gmail fọ́tò ẹbí wa, kí n wo fọ́tò díẹ̀ kí n tó jáde.

Kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́ lórí fóònù tí wọ́n fi yà á, ẹ yọ fúláàṣì náà, ẹ ki í bọ kọ̀ǹpútà míì, kí ẹ ṣí fọ́tò mẹ́rin tàbí márùn-ún níbẹ̀. Àwòrán kékeré tó ń hàn nínú àkójọ kò tó ẹ̀rí o. Ẹ ṣí i, ẹ fà á títí ẹ ó fi rí bí wọ́n ṣe ran ọrùn aṣọ. Tí ojú rẹ̀ bá ṣì mọ́, ẹ lè pa ti orí fóònù rẹ́.